Omeprazole lẹ ń lò tí àyà yín ṣì ń ta? Bí ẹ ṣe máa lò ó kó ṣiṣẹ́ rèé

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ò ní wá bá mi ní kẹ́míìsì pé àyà ń ta àwọn, pé omi kíkan ń ru sí àwọn lọ́fun, tí mo bá sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti lò, wọ́n á ní "omeprazole, mo ti lò ó tì, ẹ fún mi léyìí tó le ju ìyẹn lọ." Èmi náà á wá bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ máa ń lò ó? Ẹnì kan á ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹlòmíì á ní ìgbà tó bá ti ń jó òun gan-an ni, ẹlòmíì lo mẹ́ta péré, ara fúyẹ́, ó dá a dúró. Oògùn yẹn, tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù, ò jẹ̀bi o. Bí wọ́n ṣe lò ó ni ò dáa, ó sì máa ń dùn mí torí owó tí wọ́n tún fẹ́ fi ra èyí tó le máa ṣòfò bákan náà. Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, látorí bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ásíìdì ni títí dé bí ẹ ṣe máa kúrò lórí oògùn.

Àwọn nǹkan tí ẹ máa nílò

- Omeprazole 20mg, kápúsù 56, torí ọ̀sẹ̀ 8 la máa fi lò ó, ẹyọ kan lójúmọ́. Tówó ò bá ká a lẹ́ẹ̀kan náà ẹ ra ìdajì, ṣùgbọ́n kí ìdajì kejì ti wà nílẹ̀ kí tàkọ́kọ́ tó tán. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bà jẹ́ lára páálí, ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa lórí igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.
- Àǹtásíìdì olómi (oògùn tó ń pa ásíìdì) ìgò kan, irú Mist Mag yẹn, fún àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́.
- Fóònù tó ní àláàmù.
- Ìwé kékeré àti bírò.
- Búlọ́ọ̀kù méjì tàbí pákó tó nípọn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.
- Gbogbo oògùn míì tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sójú kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rí i dájú pé ásíìdì ló ń ṣe yín

Láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpò ikùn, iṣan kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa ẹnu pọ̀ bí ẹnu àpò oníokùn. Oúnjẹ dé, á ṣí, oúnjẹ wọlé tán, á padé. Tí kò bá ti padé dáadáa mọ́, ásíìdì inú ikùn á máa gòkè wá, ikùn ní awọ tó lè gba ásíìdì yẹn mọ́ra, ọ̀nà ọ̀fun ò ní irú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jó.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè ikùn, á jó gba oókan àyà gòkè, ẹnu á kan tàbí kó korò. Ó máa ń le sí i tí ẹ bá yó jù, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, tàbí tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Àwọn kan wà tí àyà ò ní jó rárá, ikọ́ gbígbẹ lóru ni wọ́n máa rí, tàbí kí ohùn wọn há tí wọ́n bá jí, wọ́n á máa mu oògùn ikọ́ lóríṣiríṣi.

Èyí yàtọ̀ sí ọ́lísà o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ́lísà la ń pe gbogbo ohun tó bá ti ń ta láàárín ọrùn sí ìdodo. Ọ́lísà jẹ́ egbò lára ikùn tàbí ìfun, òkè ikùn ló ti máa ń dunni jù, ẹlòmíì tébi bá ń pa á, ẹlòmíì láàárín òru. Àmọ́ àwọn méjèèjì máa ń jọra wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè tẹ ikùn yín lásán kó ní ọ́lísà ni, ẹ má gbà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé, fún ọjọ́ 7, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, kí lẹ jẹ, ẹ wà lórí ìdúró ni àbí ẹ ti dùbúlẹ̀, ṣé omi kíkan dé ẹnu. Ẹ má fi orí kó o, torí tó bá di ọjọ́ kẹrin ẹ ti gbàgbé ti ọjọ́ kìíní.

Ibi tí ẹ máa ti dúró rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dáadáa. Tó bá jẹ́ pé nǹkan wúwo ló ń tẹ àyà yín mọ́lẹ̀, tó ń rìn lọ sí apá tàbí párì, tí òógùn ń bo yín, tí èémí ò délẹ̀, ẹ má mu omeprazole, ẹ má mu Mist Mag, ọsibítù ni kí wọ́n gbé yín lọ ní wàrà-wàrà, torí ọkàn lè ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá.

Àwọn míì tó gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó dá ara wọn tọ́jú:

- oúnjẹ ń há wọn lọ́fun, tàbí gbígbé nǹkan mì ń dùn wọ́n
- wọ́n ń rù láìmọ̀dí, tàbí wọ́n ń bì ṣáá
- wọ́n bi ẹ̀jẹ̀, tàbí èébì tó dà bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí
- ìgbẹ́ wọn dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ó sì ń rùn gan-an (oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹ rántí sọ ọ́ fún dókítà tí ẹ bá ń lò ó)
- dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, tí wọn ò sì mọ ibi tó ń gbà lọ
- wọ́n ti lé ní 60 ọdún, tí àyà títa yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀
- aboyún àti ọmọdé

Àwọn yìí, yàtọ̀ sí aboyún àti ọmọdé tí tiwọn lọ́tọ̀, lè nílò kámẹ́rà tín-ín-rín tí wọ́n ń ki gba ẹnu wọlé láti wo inú ọ̀fun àti ikùn, endoscopy lorúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi oògùn bò ó mọ́lẹ̀, ara á fúyẹ́, ohun tó wà nísàlẹ̀ á sì máa dàgbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí ìwé yín bá fi hàn pé ó jó yín ó kéré tán ọjọ́ 2 nínú ọ̀sẹ̀, tí omi kíkan wà níbẹ̀, tí kò sì sí èyíkéyìí nínú àwọn àmì ewu yẹn, ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ 2. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn àríyá, àǹtásíìdì lásán ti tó, ẹ má ra kápúsù 56.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ ohun tó ń bá oògùn jà kúrò

Bàbá kan kó oògùn ẹ̀ wá fún mi nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo tú u sórí káńtà. Omeprazole wà níbẹ̀, diclofenac tó ń lò fún orúnkún wà níbẹ̀, ibuprofen wà níbẹ̀, Alábùkún sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan panáná, wọ́n ń fi èkejì da epo sí i. Diclofenac, ibuprofen, piroxicam, àti aspirin tó wà nínú Alábùkún, gbogbo wọn ló máa ń ṣe ikùn léṣe. Tó bá jẹ́ pé ara ríro lásán ni, ẹ lo paracetamol dípò wọn, kó má kọjá ìwọ̀n tó wà lára páálí.

Ìkìlọ̀ o: tó bá jẹ́ dókítà ló ní kí ẹ máa lo aspirin kékeré torí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín. Bákan náà ni amlodipine àti nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n lè dẹ iṣan tí mo sọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ máa lò wọ́n lọ, ẹ kàn sọ fún dókítà pé àyà ń ta yín kó mọ̀.

Doxycycline náà wà lára àwọn tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi itọ́ tàbí omi díẹ̀ gbé e mì lálẹ́ tí wọ́n á sì sùn, kápúsù yẹn á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, á jó o bó síbẹ̀, wọ́n á ní ọ́lísà ti dé. Kọ́ọ̀pù omi kan tó kún, kí ẹ sì wà lórí ìjókòó tàbí ìdúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ẹ̀.

Tí ẹ bá ń lo clopidogrel, warfarin, methotrexate, tàbí oògùn HIV tó ní atazanavir tàbí rilpivirine nínú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ omeprazole láìjẹ́ pé apòògùn tàbí dókítà ti rí i. Àwọn yìí àti omeprazole kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn gbé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ohun tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì yín, ṣé ẹ lè sọ ìdí tí ẹ fi ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan? Èyí tí ẹ ò bá mọ ìdí ẹ̀, ẹ gbé e lọ bi wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gbé kápúsù mì ní àkókò tó yẹ

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí náà màá pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Lára ògiri ikùn, àwọn pọ́ǹpù kéékèèké ló ń tú ásíìdì jáde. Tí ikùn bá ṣófo, púpọ̀ nínú wọn ló ń sùn. Oúnjẹ ló ń jí wọn. Omeprazole ò lè mú èyí tó ń sùn, èyí tó bá ti jí tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mú, ó sì máa ń de é pa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé oògùn yìí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló máa lò níbẹ̀. Ẹ wá wò ó, tí ẹ bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó gba inú ìfun dénú ẹ̀jẹ̀, pọ́ǹpù ti ṣiṣẹ́ tán. Tí ẹ bá lò ó lórí òfìfo tí ẹ ò wá jẹun títí di ọ̀sán, oògùn ti débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá ń wọlé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ fi àláàmù sí ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Tí ẹ bá ń jẹun ní aago méje, kó dún ní aago mẹ́fà ààbọ̀.
2. Ẹ fi omi lásán gbé ẹyọ kan mì, lórí ìjókòó. Tíì ò kan ibẹ̀, kọfí ò kan ibẹ̀.
3. Ẹ dúró.
4. Ẹ jẹun, kó sì jẹ́ oúnjẹ gidi, bó tiẹ̀ ṣe ògì àti mọ́ín-mọ́ín. Ẹnu bísíkíìtì kan ò tó jí wọn.
5. Lójoojúmọ́, bó jó yín bí ò jó yín.

Tó bá jẹ́ òru nìkan ló máa ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lè gbé e lọ sí ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Tí ẹ bá ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, ṣáájú sààrì ni. Tí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ lò ó ṣáájú oúnjẹ tó kàn, ẹ má lo méjì papọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìkìlọ̀: ẹ má rún un lẹ́nu. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn sọ fún mi pé gbígbé kápúsù mì máa ń ba òun lẹ́rù, pé òun máa ń ṣí i, òun á rún èyí tó wà nínú ẹ̀ bí ìrẹsì. Mo ṣí ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi kí wọ́n rí i: àwọn hóró róbótó róbótó funfun, tó kéré ju hóró ọkàbàbà lọ dáadáa. Hóró kọ̀ọ̀kan ní awọ tó ń dáàbò bo oògùn títí á fi kọjá ikùn dénú ìfun, torí ásíìdì fúnra ẹ̀ máa ń ba omeprazole jẹ́. Tí ẹ bá rún awọ yẹn, ẹ ti pa oògùn kó tó délé. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ pa hóró kan fúnra wọn, wọ́n pa á, ó di ìyẹ̀fun, ó wá yé wọn. Ẹni tí kò bá lè gbé kápúsù mì, kó bi apòògùn pé irú èyí tí òun rà ṣe é ṣí dà sínú nǹkan rírọ̀ gbé mì láìrún, tàbí kó gba irú míì.

Lansoprazole 30mg, pantoprazole 40mg, rabeprazole 20mg, esomeprazole, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan ni kí ẹ mú. Mo ti rí ẹni tó ń lo omeprazole láàárọ̀, esomeprazole lọ́sàn-án, pantoprazole lálẹ́ torí pé kẹ́míìsì mẹ́ta ló lọ.

Ìkìlọ̀ kejì: ẹ má bínú sí i lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń gba ọjọ́ 3 sí 4 kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo pọ́ǹpù ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìgbà yẹn, Mist Mag lẹ máa fi gba ara yín tó bá jó, ṣíbí tí wọ́n kọ sára ìgò. Òun máa ń yára ṣiṣẹ́, ó sì máa ń yára lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ciprofloxacin o, àǹtásíìdì máa ń so mọ́ ọn, kò ní wọ ara: ẹ lo cipro ní wákàtí 2 ṣáájú ẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wákàtí 6 kọjá lẹ́yìn ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lọ́jọ́ 7, ẹ gbé ìwé ọ̀sẹ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbésẹ̀ 1. Iye ọjọ́ tó jó yín gbọ́dọ̀ ti dín kù. Tí kò bá tíì dín tó bó ṣe yẹ, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni àláàmù: ọjọ́ mélòó nínú 7 lẹ jẹun láàárín wákàtí kan lẹ́yìn kápúsù? Tó bá dín sí 6, ẹ tún un ṣe, ẹ má fi kún oògùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Oúnjẹ àti oorun

Oògùn ń dín ásíìdì kù ni, kò lè dí ẹnu àpò yẹn. Omi inú ikùn ṣì lè gòkè.

Kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ alẹ́ àti ìgbà tí ẹ máa dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ lálẹ́, tí gosílóò ti mú, tó délé ní aago mẹ́wàá, ẹ̀bà ló ń wò lójú, tó sì gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin. Fún irú yín, ẹ jẹ oúnjẹ tó wúwo lọ́sàn-án, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà, kó jẹ́ pé omi àti nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa fi délé. Ó nira, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lára gbogbo nǹkan tó wà ní ìgbésẹ̀ yìí, òun ni mo rí tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ jù.

Àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn, ẹ fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà níbi orí, kó ga tó ínǹṣì 6 sí 8. Kì í ṣe pílò mẹ́ta o, pílò máa ká yín ní ìbàdí, ikùn á fún, ásíìdì á tún gòkè sí i. Ẹ sì máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, bí ikùn ṣe dá sí ní ẹ̀gbẹ́ yẹn máa ń jẹ́ kí ásíìdì dúró sísàlẹ̀. Ẹ má gbá ìró mọ́ ikùn gírígírí, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́líìtì. Ẹni tó bá sanra, kílò díẹ̀ tó bá kúrò níbi ikùn máa hàn lára àyà.

Ní ti oúnjẹ, èmi ò fẹ́ràn ìwé tó ń to ogójì nǹkan tí ẹ ò gbọdọ̀ jẹ, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ wo ìwé tiyín. Àkàrà àti dòdò tó mu epo, ata tó pọ̀, mínírà, ọtí, kọfí, obì, ọsàn, àwọn ni mo máa ń rí jù, ṣùgbọ́n ata ò ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan, epo ló ń ṣe é. Ẹ yọ ohun tó bá hàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta nínú ìwé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Mílíìkì tí wọ́n ní kí ẹ mu, ó máa tù yín fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ikùn á tú ásíìdì míì jáde. Sìgá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bi ara yín láàárọ̀, ṣé mo jí lóru torí ọ̀fun mi ń kan? Òru mélòó nínú 7?

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀sẹ̀ 8 pé, kí ló kàn?

Tó bá ti lọ: ẹ má já a lójijì. Ikùn tí wọ́n ti dè fún oṣù méjì máa ń tú ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ẹ bá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rù pé àìsàn ti padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì ní kúrò lórí ẹ̀ mọ́. Ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kan, fún ọ̀sẹ̀ 2 (kápúsù 7 míì nìyẹn, yàtọ̀ sí 56 àkọ́kọ́), kí ẹ tó dá a dúró. Tó bá jó láàárín, Mist Mag ni. Ẹni tí wọ́n ti fi kámẹ́rà wò tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ bó gan-an, tàbí tó ní Barrett's (ìyẹn ni pé ásíìdì ti yí awọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ padà), tàbí tí ọ́lísà ẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, kò gbọdọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ.

Tí kò bá lọ, tó sì jẹ́ pé ẹ lò ó bó ṣe yẹ: ẹ lọ rí dókítà, ẹ mú ìwé yín dání. Òun ló máa pinnu bóyá kó di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tàbí kí wọ́n ki kámẹ́rà. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì H. pylori, kòkòrò tó máa ń fa ọ́lísà. Ẹ béèrè fún ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí, torí ti ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé kòkòrò wà nígbà tó ti lọ tipẹ́. Omeprazole gbọ́dọ̀ ti kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ 2, antibáyótíìkì fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ẹ tó ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò lè sá pamọ́, èsì á ní kò sí. Ẹ sì mọ̀ pé pípa kòkòrò yẹn kì í wo ásíìdì tó ń gòkè, ọ́lísà ló ń wò.

Famotidine náà wà, ó dáa fún òru, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́ ara máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ranitidine tí gbogbo wa mọ̀ láyé àtijọ́, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kó o kúrò lórí igbá ní oṣù kẹrin 2020 torí NDMA, kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tí wọ́n bá nínú ẹ̀, tí ẹ bá ṣì ní páálí ẹ̀ nílé ẹ má lò ó.

Ẹni tó bá máa pẹ́ lórí omeprazole ju ọdún kan lọ, kó ní kí dókítà wo fítámì B12 àti magnesium nínú ẹ̀jẹ̀ òun, kó sì béèrè bóyá oògùn yìí ń kan eegun òun. Kì í ṣe torí kí ẹ máa bẹ̀rù ẹ̀, ẹni tó nílò ẹ̀ kó máa lò ó. Ẹni tó kàn ń lò ó lọ láti ọdún mẹ́ta torí pé kò sẹ́ni tó ní kó dúró ni mo ń bá wí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn kápúsù tó kẹ́yìn, ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jó ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí kò jó rárá, ó ti parí nìyẹn, ẹ fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti padà di ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kó ìwé méjèèjì, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà.